Ká Ka Gbèsè Ká Tó Fagi Lé E: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Dídárí Ji Ẹni Tó Ṣẹ̀ Wá

Àwa tí a ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìmọ̀ràn nínú ìjọ Yorùbá kan ní Kubwa, Abuja, la kó àwọn ìbéèrè wọ̀nyí jọ. Wọ́n máa ń bi wá lẹ́yìn ìsìn, ní ilé ọ̀fọ̀, lórí fóònù lóru, àní nínú ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Berger. A ti yọ gbogbo ohun tó lè tú àṣírí ẹnikẹ́ni kúrò.

Kí ni ìdáríjì gan-an? Ṣé kí n sáà ti sọ pé "kò sí wàhálà, ó ti tán"?

Rárá o. Ẹni tó ń sọ pé "kò sí nǹkan" nígbà tí nǹkan wà, ó ń bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ ni, kò tíì dárí ji ẹnikẹ́ni. Ẹ wo ọba tí Jésù sọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú Mátíù orí 18. Ìṣirò ló kọ́kọ́ jókòó ṣe. Ìwé gbèsè ti ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀ kí àánú tó ṣe é. Ẹgbàárùn-ún (10,000) tálẹ́ǹtì ni ìránṣẹ́ yẹn jẹ ẹ́, tálẹ́ǹtì kan sì tó nǹkan bí owó iṣẹ́ 6,000 ọjọ́ fún alágbàṣe ayé ìgbà náà. Ẹ fi ojú àwọn ọkùnrin tó ń gbé ṣọ́bìrì dúró ní Mararaba láàárọ̀ wò ó: bí ọ̀kan nínú wọn bá ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ láìsinmi, tí kò sì fọwọ́ kan kọ́bọ̀ níbẹ̀, ọdún tó lé ní 160,000 ni yóò fi san án tán.

Gbèsè kejì nínú ìtàn náà, èyí tí ìránṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ ẹni tí ọba dárí jì yẹn, ni àwọn oníwàásù máa ń fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, wọ́n á ní kò tó nǹkan. Ó tó nǹkan. 100 dínárì ni, owó iṣẹ́ ọgọ́rùn-ún ọjọ́. Ẹni tó ń san owó ilé ní Nyanya mọ ohun tí owó oṣù mẹ́ta lé díẹ̀ jẹ́. Jésù kò sọ pé ẹni tó ṣẹ̀ yín kò jẹ yín ní gbèsè. Ó jẹ yín. Ohun tó bi yín ni pé kí lẹ fẹ́ fi gbèsè náà ṣe, ẹ̀yin tí wọ́n ti fagi lé tiyín.

Nítorí náà, bí ènìyàn bá wá bá wa, a máa ń fún un ní bébà. Kó kọ ọ́ ní ìlà-ìlà. "Ó sọ fún ọ̀gá pé mo ń ta fáìlì. Wọ́n dá mi dúró. Ọmọ mi kúrò ní iléèwé rẹ̀." Gbèsè tí a kò kà kò ṣé fagi lé. A ti rí àwọn tó ń sọ láti ọdún pípẹ́ pé ó ti tán, tí omijé bọ́ lójú wọn kí wọ́n tó dé ìlà kẹta.

Kò bẹ̀ mí. Kò tilẹ̀ gbà pé òun ṣẹ̀ mí. Ṣé mo ní láti dárí jì í?

Àwọn onígbàgbọ́ kò fẹnu kò lórí èyí, ó sì nídìí. Lúùkù 17:3 ní bí arákùnrin rẹ bá ṣẹ̀ ọ́, bá a wí. Bí ó bá ronú pìwà dà, dárí jì í. Àwọn kan di "bí ó bá ronú pìwà dà" mú ṣinṣin. Àwọn mìíràn á bi wọ́n pé ta ló bẹ Jésù lórí àgbélébùú kó tó sọ pé "Baba, dárí jì wọ́n"? Ta ló bẹ Sítéfánù? Òkúta ṣì wà lọ́wọ́ àwọn tó ń sọ ọ́ lókò nígbà tó kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀ fún wọn (Ìṣe 7:60).

Ibi tí èmi dúró sí nìyí. Fífi ẹ̀san sílẹ̀ wà ní ìkáwọ́ yín nìkan, ẹ lè ṣe é lálẹ́ òní nínú yàrá yín, ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́. Ìlàjà ló gba ẹni méjì, ìyẹn kò sì lè wáyé títí ẹni tó ṣẹ̀ yóò fi jẹ́wọ́. Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o ni kò ní gbàgbé. Bí ẹ bá ní dandan ó gbọ́dọ̀ wá bẹ̀ yín kí ẹ tó sinmi, ó lè ti gba ìgbéga lọ sí Sokoto, kó máa jẹ tùwó tirẹ̀ lọ, kó má rántí yín mọ́.

Ẹ má sì fo "bá a wí" tó wà nínú ẹsẹ kan náà. Ọ̀pọ̀ wa kò bá ẹni tó ṣẹ̀ wá wí rí. Gbogbo ìjọ la ń sọ fún, àfi òun.

Ìgbà mélòó?

Pétérù pe méje, ó rò pé òun ti ṣe gudugudu méje. Jésù ní àádọ́rin ìgbà méje. Ẹni tó bá ń kà á kó lè mọ ìgbà tí yóò pé 490, kò tíì bẹ̀rẹ̀. Gbèsè la ní kí ẹ kà, kì í ṣe iye ìgbà tí ẹ ti dárí jini.

Mo ti dárí jì í, àmọ́ bí mo bá rí i ní ọjà Wuse, àyà mi á máa lù kìkìkì. Ṣé irọ́ ni mo pa?

Ẹ ò purọ́. Ara ní ìrántí tirẹ̀. Ìpinnu lẹ ṣe, ìpinnu kì í sì í pàṣẹ fún àyà kó má lù mọ́. Éfésù 4:26 gbà pé ènìyàn lè bínú. Ẹ̀ṣẹ̀ tí a lè fi ìbínú dá ló kìlọ̀ fún wa. Nídìí ìsọ̀ tòmátì tí ẹ bá dúró sí yẹn, ẹ tún un sọ lábẹ́lẹ̀: "Olúwa, mo ti fagi lé e, mo tún fagi lé e." Kí ẹ wá ná tòmátì yín lọ.

Wọ́n ní bí n kò bá gbàgbé, n kò tíì dárí jì í.

Òwe wa kan ń kún ìyẹn lọ́wọ́: bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a kò ní rẹ́ni bá ṣeré. Òótọ́ ni fún ìjà ojoojúmọ́, ọ̀rọ̀ ìkòkò tó fọ́, ọ̀rọ̀ ẹni tí kò kí wa. Ẹ má gbé e ka orí ohun ńlá.

Jósẹ́fù ló yẹ ká wò. Nígbà tó bí àkọ́bí rẹ̀ ní Íjíbítì, ó sọ ọ́ ní Mánásè, ó ní Ọlọ́run ti mú òun gbàgbé gbogbo ìyà òun àti gbogbo ilé bàbá òun (Jẹ́nẹ́sísì 41:51). Orí kan péré lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé, ó yà sápá kan, ó sunkún. Ṣé ẹni tó ti gbàgbé nìyẹn? Nígbà tó wá fi ara rẹ̀ hàn wọ́n, ó ní, "Èmi ni Jósẹ́fù arákùnrin yín, tí ẹ̀yin tà sí Íjíbítì." Tí ẹ̀yin tà. Kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Ó pe gbèsè ní orúkọ rẹ̀ níwájú wọn, lẹ́yìn náà ló rọ̀ mọ́ wọn lọ́rùn, tó fún wọn ní ilẹ̀ Góṣénì. Nígbà tí bàbá wọn kú tí ẹ̀rù tún bà wọ́n, ó tún un sọ: "Ẹ̀yin rò ibi sí mi." Ibi náà ló pè é, bẹ́ẹ̀ ló ṣì ń bọ́ wọn.

Ará ìjọ wa kan ló ta ilẹ̀ fún mi ní Lugbe. Ayédèrú ni ìwé rẹ̀, ẹlòmíràn ti kọ́lé sórí ilẹ̀ náà. Ṣé bí mo bá fẹ́ gba owó mi, n kò tíì dárí jì í nìyẹn?

Ìbéèrè tí wọ́n ń bi wá jù ní Abuja nìyí. Tí kì í bá ṣe ilẹ̀, á jẹ́ àjọ tí olórí rẹ̀ kó sá lọ, tàbí owó "iṣẹ́ ìjọba" tí ẹnì kan ní òun á fi wá ipò sílẹ̀ fún ọmọ yín.

Ẹ lè dárí jì í, kí ẹ sì gba owó yín. Nígbà tí Sákéù agbowó-orí yí padà, Jésù kò dá a dúró pé kó má dá owó olówó padà. Ìlọ́po mẹ́rin ló ní òun yóò san. Ẹni tó ronú pìwà dà láìdá owó padà, ìrònúpìwàdà rẹ̀ kò tíì dé àpò.

Ìlànà rẹ̀ wà nínú Mátíù 18:15 sí 17. Ẹ kọ́kọ́ lọ ní ẹ̀yin nìkan, kì í ṣe pẹ̀lú pásítọ̀ àti ẹ̀gbọ́n tó jẹ́ sójà. Ẹ mú ìwé báǹkì àti ìwé àdéhùn dání. Bí kò bá gbọ́, ẹ mú ẹnì kan tàbí méjì lọ. Bí kò bá tún gbọ́, ó di ọ̀rọ̀ ìjọ. Gbàgede WhatsApp ìjọ kọ́ là ń pè ní ìjọ níbí o. Iná tí ẹ bá dá síbẹ̀, ẹ kò ní lè pa á.

Ilé ẹjọ́ ńkọ́? Pọ́ọ̀lù bínú sí àwọn ará Kọ́ríńtì tó ń pe ara wọn lẹ́jọ́ (1 Kọ́ríńtì 6), ó bi wọ́n bóyá kò sí ọlọ́gbọ́n kan láàárín wọn. Àmọ́ Pọ́ọ̀lù kan náà ló gbé ọ̀ràn ara rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Késárì (Ìṣe 25:11). Òótọ́ ni pé a kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí kóòtù gbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rẹ́ mọ́ láti ọjọ́ tí ó ti ta ilẹ̀ onílẹ̀ fún yín. Jìbìtì jẹ́ ọ̀ràn lábẹ́ òfin, ẹ sì lè fi tó àwọn agbófinró létí. Bó bá jẹ́ pé gbèsè lásán ni, tó yá owó tí kò rí i san, Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 (abala 32) ní wọn kò gbọ́dọ̀ torí bẹ́ẹ̀ mú un.

Ibi tí ìdáríjì ti máa ń hàn ni bí ẹ ṣe gba owó náà. Ẹ béèrè ohun tó jẹ yín, ẹ má fi nǹkan lé e. Ẹ má fi owó sí ọlọ́pàá kan lọ́wọ́ kó lọ mú un ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, kó lè sùn nínú àhámọ́ di ọjọ́ Ajé. Gbogbo wa mọ eré yẹn. Ẹ̀san ni. Bí ó bá fẹ́ san án díẹ̀díẹ̀, ẹ gbà á. Bí ẹ bá sì rí i pé kò ní lọ́wọ́ rárá, tí ẹ fẹ́ yọ̀ǹda rẹ̀, ẹ sọ ọ́ fún un kedere, kó má baà máa gba ẹ̀yìn ìjọ sá fún yín.

Ọkọ mi ń lù mí. Àwọn àgbà ìjọ ní kí n dárí jì í kí n padà sílé.

Ẹ má padà.

N ó ṣàlàyé, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ ka ìyẹn. Wọ́n ti fi ìdáríjì dá ọ̀pọ̀ obìnrin padà sábẹ́ ìyà, nítorí pé ìjọ ń fẹ́ kí ariwo rọlẹ̀. Dáfídì dárí ji Sọ́ọ̀lù, ọba tó ń lé e kiri láti pa á, lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kejì (1 Sámúẹ́lì 26), ó mú ọ̀kọ̀ rẹ̀ àti ìgò omi rẹ̀ níbi tó sùn sí, kò fọwọ́ kàn án. Sọ́ọ̀lù jẹ́wọ́ pé òun ti ṣẹ̀, ó ní, "Padà, Dáfídì ọmọ mi, n kò ní ṣe ọ́ ní ibi mọ́." Kí ni Dáfídì ṣe? Kò gbé ọ̀kọ̀ náà lọ fún un fúnra rẹ̀. Ó ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin kan rékọjá wá gbà á. Orí tó tẹ̀ lé e, ó ti sá lọ sí ilẹ̀ Filísínì, nítorí ó mọ̀ pé lọ́jọ́ kan Sọ́ọ̀lù yóò pa òun. Kò sí ẹni tó ka ìwé yẹn tó sọ pé Dáfídì kò ní ìdáríjì.

Òfin tó lòdì sí ìwà ipá, èyí tí wọ́n ń pè ní VAPP, tó jáde ní 2015, ń ṣiṣẹ́ ní Abuja. Lílu ìyàwó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, Ilé Ẹjọ́ Gíga Abuja sì lè pàṣẹ pé kí ọkọ má sún mọ́ yín. Ẹ wá ibi tí ẹ̀yin àti àwọn ọmọ yóò sùn lálẹ́ òní. Ọ̀rọ̀ ìdáríjì lè dúró.

Ṣé mo lè gbàdúrà kí ọ̀tá mi kú?

Ẹ jẹ́ ká má tan ara wa. Àwa Yorùbá mọ àdúrà yìí dáadáa. Sáàmù 109 ti gbó lọ́wọ́ wa, ẹsẹ 8 ("kí ọjọ́ rẹ̀ kí ó kúrú, kí ẹlòmíràn kí ó rọ́pò iṣẹ́ rẹ̀") sì dùn mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kan nígbàkigbà tí ọ̀gá kò bá fọwọ́ sí ìgbéga wọn.

N kò ní kí ẹ ya Sáàmù náà kúrò nínú Bíbélì. Ó wà níbẹ̀ kí ẹni tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ lè rí ibi da ìbínú rẹ̀ sí. Ẹni tó kọ ọ́ kò mú idà. Ó gbé ẹjọ́ náà fún Ọlọ́run, ó jókòó. Róòmù 12:19 ní ti Olúwa ni ẹ̀san. Ẹ sọ fún Un bí ó ti dùn yín tó, ẹ dárúkọ ẹni náà, ẹ pariwo bó bá gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹni tó gbé ẹjọ́ fún adájọ́, tó tún ń kọ ìdájọ́ fún un, tó ń dá ọjọ́ fún un, kò tíì gbé ẹjọ́ sílẹ̀. Ẹsẹ tó sì tẹ̀ lé e ní bí ebi bá ń pa ọ̀tá rẹ, fún un ní oúnjẹ. Ó ṣòro láti pariwo "kú" lórí òkè àdúrà lóru kí ẹ sì bu ìrẹsì fún ẹni náà lọ́sàn-án.

Jos la ń gbé tẹ́lẹ̀. Wọ́n pa bàbá wa nínú rògbòdìyàn, wọ́n jó ṣọ́ọ̀bù wa. Ta ni kí n dárí jì? N kò mọ ojú wọn.

Ẹ ṣe é jẹ́jẹ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kán yín lójú lórí èyí, pàápàá àwọn tí kò sin òkú kankan nínú rẹ̀, Jos 2001 ni o tàbí Kaduna 2000.

Ẹ kò lè dárí jì ní orúkọ bàbá yín. Ohun tí wọ́n ṣe sí yín nìkan ló wà lọ́wọ́ yín: bàbá tí ẹ pàdánù, ilé tí ẹ fi sílẹ̀, iléèwé tí ẹ kò parí. Ìyẹn nìkan tóbi tó. Ọ̀rọ̀ ìdájọ́ àwọn tó pa á jẹ́ ti ìjọba, kò sì lòdì sí ìdáríjì kí ẹ fẹ́ kí wọ́n mú wọn.

Èkejì, ẹ kà á fún àwọn tó jẹ ẹ́. Mallam tó ń ta súyà ní òpópónà yín kọ́ ló jó ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀pọ̀ ìdílé wa tó sá kúrò ní Kaduna àti Jos ló ní orúkọ Hausa kan tí wọ́n ń dá pẹ̀lú ìmoore, ẹni tó fi wọ́n pamọ́ sí yàrá ẹ̀yìn. Àwa Yorùbá gan-an, ọmọ ìyá kan náà, ọ̀kan ń lọ sí mọ́sálááṣí, èkejì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó yẹ kó tètè yé wa.

Ẹ gbọ́ ìtàn Pásítọ̀ James Wuye àti Imam Muhammad Ashafa ti Kaduna. Olórí àwọn ọ̀dọ́ tó ń jà ni àwọn méjèèjì, ní ìhà méjì tó dojú kọ ara wọn. Nínú ìjà 1992, Wuye pàdánù ọwọ́ rẹ̀ kan. Ashafa pàdánù olùkọ́ rẹ̀ nínú ẹ̀sìn àti àwọn ìbátan rẹ̀ méjì. Ní 1995 wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìlàjà pọ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ ni pé Wuye kò parọ́ pé ó yá. Ó ti sọ ọ́ ní gbangba pé ìgbà kan tí àwọn jọ sùn nínú yàrá kan lẹ́nu iṣẹ́ náà, ó wá sí òun lọ́kàn láti fi ìrọ̀rí tẹ ìmáàmù náà pa. Wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ àlàáfíà nígbà náà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún yín ní gbèdéke.

Bàbá mi ló ṣẹ̀ mí, ó sì ti kú.

Ẹ kọ ìwé gbèsè náà bí ẹni pé ó wà láàyè, ẹ kà á sókè níwájú Ọlọ́run àti ẹnì kan tí ẹ fọkàn tán. Ẹ kò jẹ ẹnikẹ́ni ní oríkì tó mú un dára ju bó ṣe rí lọ.

Ẹni tí mo dárí jì ní ká tún jọ máa ṣòwò.

Ìdáríjì lẹ fún un. Ìgbẹ́kẹ̀lé, ó gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ fún un. Máàkù fi Pọ́ọ̀lù sílẹ̀ lọ́nà ìrìn àjò. Nígbà tí Bánábà ní kí wọ́n tún mú un lọ, Pọ́ọ̀lù kọ̀, ìjà náà le tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn méjèèjì fi pínyà (Ìṣe 15). Lẹ́yìn ọdún pípẹ́, Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ kọ̀wé sí Tímótì pé kó mú Máàkù wá, nítorí ó wúlò fún òun. Nínú lẹ́tà kan náà, ó kìlọ̀ fún Tímótì kó ṣọ́ra fún Alẹkisáńdà alágbẹ̀dẹ bàbà. Máàkù ti fi iṣẹ́ hàn. Ti alágbẹ̀dẹ kò tíì yí padà. Ẹ fi nǹkan kékeré dán an wò kí ẹ tó fi ìwé ṣẹ́ẹ̀kì lé e lọ́wọ́.

Bí ó bá jẹ́ èmi ni mo ṣẹ̀ ńkọ́?

Mátíù 5:23 sí 24 ní kí ẹ fi ọrẹ yín sílẹ̀ níwájú pẹpẹ, kí ẹ lọ bá a ná. Ẹ má sọ pé "bí mo bá ṣẹ̀ yín, ẹ má bínú." Kò sí "bí" níbẹ̀. Ẹ sọ ohun tí ẹ ṣe: "Èmi ni mo kọ ìwé ẹ̀sùn yẹn sí ọ̀gá, irọ́ sì ni." Bó bá jẹ́ àgbà lẹ ṣẹ̀, ẹ lè rán àgbà ṣíwájú bí a ti ń ṣe, ṣùgbọ́n kí ẹ̀yin fúnra yín tẹ̀ lé e lọ, kí ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀. Kí owó tó bá wà ńbẹ̀ wà lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ náà, ì báà ṣe díẹ̀. Bí kò bá tíì lè dá yín lóhùn, ẹ má fi Bíbélì halẹ̀ mọ́ ọn pé dandan ni kó dárí jì yín.

Ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ owó ogún wa run ń gbé ní Gwarinpa. Ọmọ mi fẹ́ ṣègbéyàwó. Ṣé kí n fún un ní aṣọ ẹbí?

Ẹ fún un, ní iye tí ẹ ń tà á fún àwọn tó kù. Ẹ fi í jókòó láàárín àwọn àgbà ẹbí bó ṣe tọ́ sí i, kó gbàdúrà bí wọ́n bá pè é. Àpò ìwé tí àwọn àlejò ń fi owó sí, ẹlòmíràn ni kó máa gbà á. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fà yín lọ sẹ́yìn gbọ̀ngàn pé àsìkò nìyí láti yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ó di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn tí àwọn ará Ilorin bá ti wọkọ̀ lọ.